Òkè Ẹ̀fọ̀n lórí kẹ̀kẹ́ ológeere: ṣé jíà ni àbí ẹsẹ̀ mi?

Agunkẹ̀kẹ́ Adó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, tòkúnbọ̀ ni, irú ti eléré ìje tí táyà ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, iye eyín irin tí ṣéènì ń kọ́ níwájú jẹ́ 53 àti 39, tẹ̀yìn 12 sí 23. Tó bá jẹ́ Adó sí Ìyìn, títí dé Ìgèdè, kò sí wàhálà, mo máa ń lọ mo sì máa ń bọ̀ kí oòrùn tó mú. Sátidé tó kọjá ni mo wá ní kí n lọ jìnnà díẹ̀, mo kọjá Arámọkọ, mo dé Ìtawúrẹ, mo kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n. Há! Jíà tó fúyẹ́ jù lọ lára kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo wà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó ti rẹ̀, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, nígbà tó yá mo sọ̀kalẹ̀, mo ń tì í. Ìyá kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá lára mi, wọ́n ní "pẹ̀lẹ́ o, ó ti kù díẹ̀", ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dókè.

Ìgbà tí mò ń padà bọ̀ lẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo di búréèkì mú látòkè délẹ̀, mò ń gbọ́ òórùn rọ́bà, nígbà tí mo dúró tí mo fọwọ́ kan ríìmù, ó jó mi níka. Kí n tó dúró yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá níbi afárá kékeré kan, yanrìn tí òjò wọ́ wálẹ̀ ti bo ẹ̀gbẹ́ títì, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pààrọ̀ jíà ni àbí ẹsẹ̀ mi ni kò tíì lágbára? Mo fẹ́ gùn ún dé Iléṣà kí ọdún yìí tó parí, ó ń wù mí débi pé mi ò kí ń lè sùn lálẹ́ Jímọ̀.

Rìpíárà Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ yín kọ́, jíà ni. Ẹ wò ó, táyà yín tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó rin nǹkan bíi mítà 2.1. Pẹ̀lú 39 níwájú àti 23 lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ yín bá yí po lẹ́ẹ̀kan ẹ ti lọ mítà mẹ́ta àtààbọ̀, lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun nìyẹn wà fún. Ẹni tó ní 34 níwájú àti 32 lẹ́yìn, mítà méjì lé díẹ̀ ló ń lọ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ máa fi rí i tó ń yísẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ nígbà tẹ́yin ń jà.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta eyín 34 fún yín kó ní ó máa wọ̀ ọ́ o. Kíránkì, irin iwájú tí apá pẹ́dà so mọ́ yẹn, tó jẹ́ oní 53 àti 39, ọ̀pọ̀ nínú wọn, òbìrí tí bóòtù wọn tò sí jẹ́ 130 mílímítà, eyín tó bá kéré sí 38 ò lè jókòó síbẹ̀. Kíránkì lódindi lẹ máa pààrọ̀, owó dẹ̀ nìyẹn. Ní tèmi, ẹ fi tiwájú sílẹ̀ ná, ẹ pààrọ̀ tẹ̀yìn sí 12 sí 28. Ẹ wo apá irin tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn, tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, 28 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbà mọ, ẹ má fi tipátipá ki 32 bọ̀ ọ́. Kí ẹni tó máa ṣe é fún yín sì tún ṣéènì wọ̀n, torí tó bá kúrú, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi í sórí eyín ńlá iwájú àti eyín ńlá ẹ̀yìn pọ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa fà ya. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé irú ẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ káàbọ̀ sílùú wa o, bẹ́ ẹ tiẹ̀ tì í wọ̀lú. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀nà yẹn máa pààyàn ni pé òkè Ẹ̀fọ̀n nà gbọọrọ láti apá àríwá lọ sí gúúsù, òkúta líle tí òjò ò rí jẹ ló dúró bí ògiri bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀ láàárín wọn lomi gbẹ́ di àfonífojì. Ẹni tó ń ti Adó lọ Iléṣà, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ, ó ń dábùú gbogbo ògiri yẹn ni, ló ṣe jẹ́ pé ẹ ò tíì mí tán lórí ọ̀kan tẹ́ ẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òmíràn. Ẹ rántí pé òkìtì ni wọ́n ti fa orúkọ Èkìtì yọ.

Ìgèdè tẹ́ ẹ máa ń dé yẹn ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lodò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀? Omi tó ń lọ sí Òṣogbo yẹn náà ni o, tí wọ́n sé ní Aṣéjìrẹ́ kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu, kó tó wá lọ wọ ọ̀sà. Mi ò kí ń gba Ìgèdè kọjá láì dúró díẹ̀, ara mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti gígùn, ẹ má fi ìbínú wọ òkè. Nísàlẹ̀, nígbà tí ara ṣì le, ẹ rọra, ká ní ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kẹ́ ẹ ṣì lè bá a sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ti ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ẹ ti yá jù. Níbi tó bá ga jù ẹ dìde lórí ìjókòó, ẹ ka ení èjì dé ogún, ẹ padà jókòó. Ẹ sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ní Arámọkọ kébi tó pa yín, ẹni tébi bá pa lórí òkè, ó ti tán fún un lọ́jọ́ yẹn.

Àgbà Ìjerò:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àṣeyẹ. Raleigh tí kò ní jíà kankan ni bàbá mi fi ń gbé kòkó láti oko. Tó bá dé ibi tó ga, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í, èmi náà á máa fọwọ́ tì í lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rí wọn fín. Orúnkún tó ń ta ẹ yẹn, bó bá tún ta ẹ́, sọ̀ kalẹ̀, má wonkoko mọ́ ọn. Kó o sì kọ́kọ́ bi àwọn dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ tó o bá ń lọ, má dá lọ, má sì jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ẹ lójú ọ̀nà igbó.

Ìyá Ìbejì Lọ́ńdọ̀nù:
Àbúrò, ti búréèkì yẹn ló ká mi lára jù. Má di búréèkì mú látòkè délẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ríìmù, tún tẹ̀ ẹ́. Ríìmù tó bá gbóná jù lè bẹ́ túùbù mọ́ ẹ nídìí. Tiwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù, tẹ̀ ẹ́ nígbà tó o ṣì wà lójú títì tó mọ́, kó o tó dé kọ́nà, kó o tó dé yanrìn. Tó o bá ti wà lórí yanrìn, má fọwọ́ kan an rárá, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ lọ tààrà. Nínú kọ́nà, pẹ́dà tó wà lápá ibi tó ò ń yà sí kó wà lókè, fi ẹsẹ̀ kejì tẹ pẹ́dà tiẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kó o sì gbójú síbi tó o fẹ́ lọ, ibi tójú bá wò ni kẹ̀kẹ́ máa ń lọ.

Níbí, òkè kan tí wọ́n ń pè ní Box Hill ní Surrey la máa ń lọ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Gígùn ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà méjì àtààbọ̀, kò ga tó ti Ẹ̀fọ̀n, ṣùgbọ́n ní Olympics ọdún 2012, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án làwọn ọkùnrin gùn ún nínú ìdíje kan ṣoṣo, àwọn obìnrin gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òkè kékeré kan tó wà nítòsí ẹ tó, gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí ọwọ́ ẹ á fi mọ búréèkì bó ṣe mọ ṣíbí. Àfonífojì tiwa náà ní ewu tiẹ̀ o, nígbà tí ewé bá wọ́, ewé tútù ló ń bo ìsàlẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń yọ̀ ju yanrìn lọ.

Agunkẹ̀kẹ́ Adó:
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín, Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pẹ̀lú. Mo yẹ kẹ̀kẹ́ wò lánàá, rọ́bà búréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán, irin ló fẹ́ máa ha ríìmù. Mo ti ra tuntun, mo sì ti rí 12 sí 28. Ẹ̀gbọ́n Rìpíárà, mò ń gbé e bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ kó ti ṣe.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, mo máa dúró dè yín ní oríta Ìtawúrẹ, a máa jọ gùn ún ni. Tí ara bá gbà á, a ó sọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi omi Olúmirìn, a ó fẹsẹ̀ sómi. Ẹ mú túùbù méjì dání.