Kí ni ó já yín kulẹ̀ nínú ìrìn-àjò afẹ́ alájọlọ sí òkè òkun?

Arìnnàkò: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí tí ó dùn yín jù. Paris ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé ètò wa fi Louvre sí, bẹ́ẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A dúró ní àgbàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírámíìdì onígíláàsì, a ya fọ́tò, wọ́n sì ní kí a padà sínú bọ́ọ̀sì. Ó dùn mí wọra, nítorí pé torí àwòrán Mona Lisa ni mo ṣe yan ètò náà, ẹni tí ó sì ń fi iṣẹ́ yìí jẹun kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń tì í.

Ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀nà: Wọ́n mọ̀ dáadáa.

Tíṣà: Ààfin Versailles pẹ̀lú kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, àyàfi èyí tí ó kẹ́yìn nínú oṣù. Wo ìwé ètò rẹ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ìwọlé wà nínú iye tí o san. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìta ni wọ́n ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá Ìbejì: Ti ìtajà burú ju ìyẹn lọ. Ní Túúkì, nígbà tí a ń lọ sí Göreme, wọ́n yà wá sí ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n bu tíì fún wa, wọ́n sì ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ fi rọ̀, afinimọ̀nà wa kò sì yọjú títí ẹnì kan nínú wa fi sanwó. Nígbà tí a fi dé Göreme, níbi tí àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ ti gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sínú àpáta tí wọ́n sì fi àwòrán bo ògiri wọn, wọn kò gba ènìyàn wọlé mọ́.

Arìnnàkò: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ní Íjíbítì, ilé ìtajà lọ́fínńdà ni wọ́n kọ́kọ́ kó àbúrò mi àti àwọn tí wọ́n jọ lọ sí, kí wọ́n tó rí àwọn pírámíìdì Giza.

Ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀nà: Afinimọ̀nà ń gba ìdá nínú owó tí ẹ bá ná níbẹ̀. Owó pọ́ọ́kú tí ẹ san fún ìrìn-àjò ni ó ń fà á.

Màmá Ìbejì: Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Owó tí mo san kò kéré rárá, wọ́n tún gba àfikún lọ́wọ́ mi nítorí pé èmi nìkan ni mo sùn nínú yàrá.

Tíṣà: Ilẹ̀ Ṣáínà ṣòfin sí i. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi owó pọ́ọ́kú fa èrò mọ́ra kí ó tó wá fi ilé ìtajà gba èrè padà, ẹni tí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè béèrè láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò pé kí wọ́n bá òun dá ọjà padà.

Àbíkẹ́: Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru afinimọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe iṣẹ́ náà, ìdá tí ó bá rí ní ilé ìtajà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀.

Màmá Ìbejì: Mo bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún wa kí a tó gbéra.

Tíṣà: Arìnnàkò, bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni ó ta ètò náà fún ọ, òfin wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2018 gbé gbogbo ohun tí ó wà nínú àdéhùn kọ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Kọ̀wé sí wọn.

Arìnnàkò: Owó ìwọlé Louvre wà nínú ìwé náà kedere. Mo ti ń kọ lẹ́tà náà lọ́wọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀-ọ̀nà: Mo ṣiyèméjì pé wọ́n á dá nǹkan kan padà.