Ìpè sí kọ́sítọ́mà kíà: ta ló ń sanwó ìdúró?

Lánàá, ìṣẹ́jú kan péré lẹ fi dúró kí kọ́sítọ́mà kíà tó dá yín lóhùn. Lónìí, ó di ìṣẹ́jú 28, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí fóònù kò dín. Ìṣirò ló wà níbẹ̀. Agner Krarup Erlang, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ló gbé e jáde ní 1917.

Ká ní òṣìṣẹ́ 10 ló ń dáhùn, tí ìpè kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 6. Ìpè 100 ni gbogbo agbára wọn ní wákàtí kan. Bí 80 bá wọlé, ẹ ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 90, ìṣẹ́jú 4. Bó bá di 98, ìṣẹ́jú 28! Àwọn èèyàn kì í pè lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n máa ń ya wọlé pọ̀ ni, tí àyè ìsinmi kò bá sì sí láàárín, gbèsè ìdúró á máa gorí ara wọn. Ẹ wá yọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kúrò nígbà tí ìpè 90 ń wọlé: ìlà àwọn tó ń dúró yẹn kò ní tán mọ́ láé, gígùn ni yóò máa gùn sí i.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ń sọ lójoojúmọ́ pé ìpè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òṣìṣẹ́ ni kò tó. Ẹni tó gbé fóònù kọ́ ló dín wọn kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe mọ́ ọn.

—

Ẹ kú àlàyé ìṣirò yẹn. Èmi fẹ́ sọ ti owó ìpè. Ní Jámánì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2013, wọn kò gbọdọ̀ gbowó ìdúró lórí nọ́ńbà 0900, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí owó ìpè wọn wọ́n. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ European Union tún dájọ́ lórí 0180, nọ́ńbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì kan náà fi ń dá oníbàárà lóhùn, pé, bí oníbàárà bá ń pè nítorí ohun tó ti rà, owó ìpè náà kò gbọdọ̀ ju ti nọ́ńbà lásán lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹfà ọdún 2014 ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ti lè fi nọ́ńbà olówó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 084, 087 tàbí 09 dá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lóhùn mọ́. Ọ̀fẹ́ sì ni 0800 àti 0808 lórí fóònù alágbèéká níbẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2015. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 800, 888, 877, 866, 855, 844 tàbí 833 ni ilé-iṣẹ́ ń sanwó rẹ̀.

Ewu kan wà: nọ́ńbà ọ̀fẹ́ sábà máa ń kọ̀ láti wọlé tí ẹ bá ti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Kí ẹ tó rìnrìn àjò, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì báńkì yín, ẹ kọ nọ́ńbà tó fi + bẹ̀rẹ̀ síbi tí olè kò lè jí i pẹ̀lú káàdì.

—

Ohun tó ń dun àwọn èèyàn jù ni kí wọ́n máa gbé wọn láti ẹ̀ka kan sí òmíràn. Kí òṣìṣẹ́ tó gbé yín lọ, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ka tó ń gbé yín lọ, torí ìpè lè já. Ẹ ní kó dúró lórí ìlà títí ẹni kejì yóò fi dáhùn, kó ṣàlàyé fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè padà sí ẹ̀yìn ìlà, ohun tó sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lè má hàn lójú ẹ̀rọ ẹni kejì.

Àwọn kan máa ń tẹ nọ́ńbà àwọn tó fẹ́ ra nǹkan tuntun torí pé ibẹ̀ ń yá. Mi ò gbà á nímọ̀ràn. Àwọn tó ń tajà kì í sábà láṣẹ láti ṣí fáìlì ẹ̀sùn, wọn á dá yín padà ni.

Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ pẹ̀lú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn, ọ̀sẹ̀ 8 ni báńkì ní láti fi èsì ìkẹyìn lélẹ̀ kí ẹ tó lè gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín báńkì àti oníbàárà, ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀sùn yín ni wọ́n sì ń kà á láti ibẹ̀.