Àkọ̀ fún ẹyọ kan, apó fún ọ̀pọ̀: lórí orúkọ ohun tí olórin fi ń kó irinṣẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Káfíńtà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ń ṣiṣẹ́ ní Kubwa, ní Abuja níbí, òun àti oníṣẹ́ awọ kan ni wọ́n sì jọ ń ṣe ohun tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún: ohun tí olórin fi ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ kiri, tó sì fi ń pa á mọ́. Pilawúùdù mílímítà 9 ni ara rẹ̀. Wọ́n fi irin alumíníọ̀mù gbá a létí yíká, wọ́n tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, wọ́n sì gé fóòmù náà bí ara ohun tí yóò sùn síbẹ̀ ṣe rí: gángan níbí, omele lọ́hùn-ún, kọ̀ngọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, máìkì àti wáyà nísàlẹ̀. Ó ní okùn awọ méjì tí èèyàn lè fi pọ̀n ọ́n, ó ní táyà kéékèèké tí wọ́n lè fi fà á. Tí òde bá parí, yóò dúró ní igun yàrá títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Káfíńtà náà fẹ́ fi irin gbígbóná tẹ orúkọ Yorùbá sára rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ tí ojú kò ní ti olórin láti pè.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ti dábàá ìkólù. Ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onílù ní Mààràbá ní kí ó jẹ́ agbélù. Àbúrò wa kan mú orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, flight case, ó tú u sí àpótí òfurufú. Ìyá wa tó ti pẹ́ ní Sabon Gari ní Kano ní kí a kúkú máa pè é ní akwati bí àwọn Hausa ṣe ń ṣe, nítorí kò sí awakọ̀ tàbí alábàárù tí kò ní gbọ́ ọ ní gáréèjì. Èmi rò pé a kò ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ méjì fún iṣẹ́ yìí látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, àkọ̀ tí a ń ti idà bọ̀ àti apó tí a ń kó ọfà sí; ọwọ́ ọdẹ àti ọwọ́ jagunjagun ni a gbàgbé wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ìkólù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ̀gbọ́n wa yàn dára gan-an. Àga kan ṣoṣo, gbígbé la ń gbé e. Bí ó bá di mẹ́wàá, kíkó la ń kó wọn. Ẹni tó ní ìlù mẹ́ta, máìkì àti wáyà lọ́wọ́, ó ń kó ẹrù ni, kò gbé ẹrù. Èyí nìkan ti fi ìkólù ga ju agbélù lọ. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sára pákó láìsí àmì, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ Yorùbá: IKOLU. Ìkọlù ni gbogbo ojú yóò kà. Ọ̀rọ̀ náà wúwo létí àwa tí a ń gbé àríwá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, mi ò rí ìdí tí a ó fi kọ nǹkan tó jọ ọ́ sára ẹrù tí olórin yóò gbé kọjá níwájú àwọn sójà lójú pópó. Ohun kejì ni pé ìlù nìkan ni ìkólù dárúkọ. Onígìtá ńkọ́? Afunfèrè ńkọ́?

Ní ti agbélù, èèyàn ni etí mi ń gbọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- tó wà níwájú rẹ̀ náà ló wà nínú apẹja, agbábọ́ọ̀lù àti agbẹ́gilére. Mo mọ̀ pé asẹ́ wà tí kì í ṣe èèyàn, mo sì mọ̀ pé amóhùnmáwòrán wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló máa ń ṣáájú amóhùnmáwòrán láti la ọ̀nà fún un. Bí ẹ bá pe agbélù lójú agbo, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbé ìyáàlù ni yóò dáhùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí i sí ìgbélù yóò bá ìgbéyàwó pàdé: ìṣẹ̀lẹ̀ ni etí yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ohun èlò.

Àpótí òfurufú ni mo fara mọ́ kéré jù, mo sì fẹ́ kí àbúrò wa gbọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa. Òyìnbó ń fi ọkọ̀ òfurufú pè é nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń jẹ ẹrù tiwọn. Ìlànà kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ATA 300 ni wọ́n ń pè é, ìsọ̀rí kìíní rẹ̀ sì béèrè pé kí àpótí lè fara da ìrìn-àjò 100 ó kéré tán. Ìlànà dáadáa ni, káfíńtà wa yóò sì jèrè bí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀: igun tí wọ́n fi irin bò, ìdè tó rì sínú pákó kí nǹkan má baà fà á já. Ẹrù tiwa ńkọ́? Orí búọ̀sì ló ń gùn láti Utako gba Lokoja lọ sílé, abẹ́ àga ló ń wọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Gwagwalada, inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń há sí ní Nyanya. Orúkọ tó sọ pé ó ń fò kò sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Akwati ni mo ronú sí jù, nítorí mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ tí a yá. Wàhálà àti àlùbọ́sà kò tíì ba Yorùbá jẹ́. Síbẹ̀, bí Ìyá wa bá wò ó dáadáa, àwọn Hausa fúnra wọn kì í pe ohun gbogbo ní akwati. Ohun tí wọ́n ń ti idà tàbí ọ̀bẹ bọ̀, tó bá ara rẹ̀ mu láti èkù dé ṣóńṣó, kube ni wọ́n ń pè é. Akwati jẹ́ àpótí lásán, Yorùbá sì ti ní àpótí, ó tilẹ̀ pọ̀ jù fún un: àpótí ìjókòó, àpótí owó, àpótí ìdìbò. Ìyàtọ̀ tí Hausa rí láàárín akwati àti kube gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí a rí láàárín àpótí àti àkọ̀.

Àkọ̀ kì í gba ohunkóhun tí a bá jù sínú rẹ̀. Ẹni kan ló ni ín. Bí a bá ti idà bọ àkọ̀ idà mìíràn, yálà kí ó há tàbí kí ó máa mì. Iṣẹ́ tí fóòmù ń ṣe nínú ohun tí káfíńtà yìí ṣe nìyẹn. Ẹ wo gángan: ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àárín rẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀sán ló sì so ojú kan mọ́ èkejì. Tí fóòmù bá fún ọ̀sán mọ́ra láti Kubwa dé Ìlọrin, awọ yóò wà ní fífà ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀sán yóò sì nà. Ibi etí ìlù ló yẹ kí ó ti dì í mú, kí ó fi àárín sílẹ̀ láìkàn án. Ohun tí wọ́n fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe kò ní orúkọ míì ju àkọ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé àkọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa gbígbé kiri. Mo gbà, mo sì rò pé ibẹ̀ ló ti dára jù. Wákàtí díẹ̀ ni ìlù ń lò lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́fà nínú méje, inú ilé ló wà. Ilé sì ni Yorùbá ka àkọ̀ sí, àwọn àgbà ló sọ ọ́: idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní àríwá níbí, inú ilé yẹn ni ìlù ti ń kú tàbí kí ó yè. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé lẹ́yìn oṣù kọkànlá, awọ á le koko, ohùn ìlù á ga kọjá ibi tí onílù fẹ́ ẹ, pákó tó ti gbẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Gìtá onígi fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100. Ọyẹ́ Abuja ń mú un wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti Kano tún le sí i. Nígbà òjò, òdìkejì rẹ̀ ni: awọ á rọ̀, ohùn á wálẹ̀, nǹkan funfun á máa hù sára awọ tí kò gba atẹ́gùn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí káfíńtà náà fi àyè kékeré sílẹ̀ nínú àkọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí èèyàn lè fi kànrìnkàn tútù tí a ti fún dáadáa sí nígbà ọyẹ́, kí ó sì fi àpò kékeré tó ń fa omi rọ́pò rẹ̀ nígbà òjò. Ohun tó ń pa nǹkan mọ́ la ń sọ orúkọ rẹ̀ yìí. Tí ọ̀rọ̀ ìṣe gbé tàbí kó bá ti wọ inú orúkọ náà, a ti fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àkọ̀ kò lè jẹ́ orúkọ gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun ló wà nínú rẹ̀, àkọ̀ sì jẹ́ ti ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni apó ti wọlé. Apó ni ọdẹ ń kó ọfà sí. Ó ń gbé e kọ́ èjìká lọ sóko, ó ń dé, ó ń fi í kọ́ ara ògiri, ọfà á wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Gbígbé àti ìpamọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì sí ẹni tó ní láti kó gbólóhùn gígùn jọ kí ó tó rí i. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n láti inú Sáàmù 127, níbi tí a ti fi ọmọ wé ọfà lọ́wọ́ alágbára, tí a sì súre fún ọkùnrin tí apó rẹ̀ kún fún wọn. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kà á bí àpò níbẹ̀ láìmọ̀.

Ìyẹn gbé mi dé ibi tí mo ti fi apó ṣáájú gbogbo ìyókù. Ẹ dán an wò bí mo ṣe dán ìkólù wò. Ẹ yọ àmì kúrò lórí rẹ̀: APO OLORIN. Ẹni tó ṣì í kà yóò ka àpò olórin, ìtumọ̀ kò sì ní jìnnà sí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tí àṣìkà rẹ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàm̀bá ni mo fẹ́. Mo mọ̀ pé àdúgbò kan ń jẹ́ Apo ní Abuja níbí. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹrù tó wà lẹ́yìn èèyàn ni àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi lè bi mí pé, àkọ̀ tí a kò fi àmì sí ńkọ́, ṣé kò ní di akọ? Onílù bàtá ní omele akọ àti omele abo, òótọ́ sì ni pé ìdàrúdàpọ̀ lè wà níbẹ̀. Ìgbékalẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Omele akọ, akọ ló wà lẹ́yìn. Àkọ̀ omele, àkọ̀ ló wà níwájú, bí ó ti wà níwájú nínú àkọ̀ idà. Ẹ má kàn kọ àkọ̀ ìlù, ẹ dárúkọ ìlù náà gan-an: àkọ̀ gángan, àkọ̀ gúdúgúdú, àkọ̀ gìtá.

Ti pé ọ̀rọ̀ ogun àti ọdẹ ni méjèèjì kò bà mí nínú jẹ́. Ọdẹ ló ni ìjálá. Ìlù ń tẹ̀lé ológun lọ sójú ìjà, onílù sì wà lára àwọn tó ń bọ̀ wá ròyìn. Bí ọ̀rọ̀ ọdẹ bá kọjá sọ́wọ́ olórin, ó kọjá láàárín ìbátan ni.

Èyí kò pa àpò àti àpótí run. Àpò aláṣọ tí ó ní fóòmù fẹ́lẹ́, tí onígìtá ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ àpò gìtá bí gbogbo èèyàn ti ń pè é. Àpótí onífèrémù ínṣì 19 tí wọ́n ń de mísà àti anfilifáyà mọ́ inú rẹ̀, àpótí ni, nítorí ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀, kò sì bá ara ẹnikẹ́ni mu ní pàtó. Eléyìí tó ní táyà, apó onítáyà. Èyí tí kò ní, apó lásán. Ààyè kọ̀ọ̀kan inú fóòmù ni àkọ̀. Káfíńtà lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé apó yìí ní àkọ̀ mẹ́rin, yóò sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan kù fún irin gbígbóná náà. Apó olórin kò ní ẹyọ àmì ìsàlẹ̀ kankan, àmì òkè méjì péré ló ní, ọ̀kan lórí o tó parí apó àti ọ̀kan lórí o kejì inú olórin. Kí ẹni tó ń rọ irin náà jọ̀wọ́ rọ méjèèjì mọ́ ọn: APÓ OLÓRIN. Àkọ̀ ló le láti rọ, pẹ̀lú ẹyọ nísàlẹ̀ àti àmì lókè, ṣùgbọ́n inú ló wà. Bébà ni wọn yóò kọ ọ́ sí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóòmù.