Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́? Àwo Ofege mi ni o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn Ofege, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College l'Ékòó tí wọ́n gbé àwo Try and Love jáde ní 1973. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lásán ni wọ́n nígbà náà o! Ẹ̀gbọ́n mi ló ra àwo náà, òun ló sì fi í sílẹ̀ fún mi. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ohùn Melvin Ukachi, akọrin wọn, pẹ̀lú gìtá yẹn, orí mi máa ń wú.

Wàyí o, nǹkan funfun kan ti hù sára àwo náà, etí rẹ̀ kan sì ti ká sókè díẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá ti débẹ̀, ńṣe ló máa fò. Ẹnì kan ní kí n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ní spirit ni. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò tíì dán ìkankan wò. Èwo ni kò ní bà á jẹ́? Kí ni mo lè ṣe tí etí rẹ̀ á fi tẹ́ padà?

Mo mọ̀ pé orin wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi báírò kọ orúkọ sí lẹ́yìn ni mo fẹ́ máa gbọ́.

Ẹ tún bá mi wá ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó sì lè gba orin náà sórí fóònù fún mi. Màá gbé e wá fúnra mi.