Ẹ gbà mí o: ṣé bí mo ṣe ń fi Sáàmù gbàdúrà yìí ò ti di ọfọ̀ báyìí?

Aláàdìrẹ_Ìtòkú:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, tí mo bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu mi. Olúwa bùkún mi, ṣọ́ àwọn ọmọ, jẹ́ kí ọjà tà, ó tán nìyẹn, màá wá máa ronú owó ẹ̀lú àti oníbàárà kan tó jẹ mí lówó tí ò gbé fóònù mọ́. Mo sọ ọ́ ní fẹ́lóṣíìpù wa, ẹnì kan ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbàdúrà, kí n mú Sáàmù kan kí n máa fi rán Ọlọ́run létí ìlérí ẹ̀. Mo bá mú Sáàmù 35, mò ń kà á lẹ́ẹ̀méje lóru, mo gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe.

Ibi tó ti wá dojú rú rèé. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì jí lóru ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Mọ́mì, ṣé ọfọ̀ lẹ̀ ń pè ni?" Mo lé e padà lọ sùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tún kúnlẹ̀ báyìí, mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn nínú ọkàn mi. Ká sòótọ́, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń kà mọ́, iye ìgbà tó kù kó pé méje ni mò ń kà. Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ gan-an? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Jagunjagun_Ọbáńtokò:
Mọ́mì ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ọ̀rọ̀ dá yín dúró o! 35 fún ọ̀tá, 91 fún ààbò, 121 fún ìrìn àjò, 109 fún ẹni tó bá ti kọjá ààlà. Lẹ́ẹ̀méje yẹn náà, ṣebí ìgbà méje ni wọ́n yí Jẹ́ríkò ká lọ́jọ́ keje kí odi tó wó? Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Aago méjìlá òru ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde dúró, ẹ má kúnlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Àdátán:
Hahaha ọmọ yẹn gbọ́n o, ẹ bá mi kí i. Èmi ò kì í ka 35 ní tèmi, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Éfésù orí kìíní ni mo máa ń mú, ẹsẹ 17 sí 19, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń gbàdúrà fáwọn ará Éfésù pé kí Ọlọ́run la ojú ọkàn wọn. Ibi tó bá ti ní "yín", orúkọ àwọn ìbejì mi ni mo máa ń fi síbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú fóònù, tí mo bá ń dúró de mọ́tò ní Lafẹ́nwá mo ti gbà á tán kí mọ́tò tó kún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbà_Aké:
Ọmọ mi, o kú ọjà o. Ìbéèrè tọ́mọ ẹ bi ọ́ yẹn, èmi náà ti bi ara mi rí. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ọfọ̀, inú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ lagbára ẹ̀ wà, bó o bá ṣì í pè ó bàjẹ́. Àdúrà ní tiẹ̀, ẹnì kan ló wà níwájú ẹ tó ń gbọ́, tó sì lè ní rárá. Ṣó o mọ ẹni tó ka Sáàmù 91 fún Jésù lórí tẹ́ńpìlì, nínú Mátíù orí 4? Èṣù ni o. Sáàmù 91 tí gbogbo wa fi ń sùn! Diutarónómì ni Jésù fi dá a lóhùn, pé èèyàn kì í dán Olúwa wò. Tó bá jẹ́ pé ká ṣáà ti kà á ni, Èṣù ni ì bá borí lọ́jọ́ yẹn.

Wá wo Dáníẹ́lì, orí 9. Ó ń ka ìwé Jeremáyà, ló bá rí i pé 70 ọdún ni Jerúsálẹ́mù máa fi wà láhoro. Kò jókòó máa tún un kà. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀, ó gbààwẹ̀, ó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tòun tàwọn èèyàn ẹ̀. Ohun tó kà ló bi ohun tó ń sọ. (Jeremáyà 29 ẹsẹ 11 tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn mọ́tò kiri yẹn, lẹ́tà sáwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì ni, 70 ọdún yẹn náà ló wà ní ẹsẹ 10, ṣùgbọ́n n kò rí mọ́tò tó kọ ìyẹn rí.)

Lọ́dún tí ìyàwó mi lọ, mi ò lè gbàdúrà. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní kí n ka Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré. Mi ò lè kọjá ẹsẹ kìíní, "Ìwọ ó ti gbàgbé mi pẹ́ tó, Olúwa?" Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo wà níbẹ̀. Mo ti rò pé kò yẹ kéèyàn sọ irú ẹ̀ sí Ọlọ́run, àfìgbà tí mo rí i pé inú Bíbélì ló wà. Látìgbà yẹn, mo máa ń rọra kà á ni, ibi tó bá ti ta mí lára, mo dúró, mo gbé Bíbélì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ tẹnu mi. Kó o má sì jẹ́ kí ti ọ̀rọ̀ tó ń tán lẹ́nu ẹ dùn ọ́ jù. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà ọmọ Yorùbá, dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó bá ìyá ẹ̀ pàdé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n, 1848 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún màmá náà, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Hánà inú Bíbélì yẹn, nígbà tó ń gbàdúrà, ètè ẹ̀ nìkan ló ń mì, àlùfáà Élì rò pé ó ti mutí ni.

Jagunjagun_Ọbáńtokò:
Bàbá mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dojú ìjà kọ èèyàn láìṣẹ̀ láìrò ńkọ́? Ká máa wò wọ́n?

Àgbà_Aké:
Ka 35 ẹ, má bínú. Ṣáà máa ka ẹsẹ 13 mọ́ ọn. Àwọn tí Dáfídì ń fẹjọ́ wọn sùn yẹn, nígbà tí wọ́n ṣàìsàn, ó gbààwẹ̀ fún wọn.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an ni bàbá, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti gbé ife omi yẹn kúrò. Sáàmù 35 náà ni mo tún mú ní ìsọ̀ lánàá nígbà tí ọjà dá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo dé ẹsẹ 13 yẹn, oníbàárà tó jẹ mí lówó ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn, mi ò béèrè ọmọ, owó nìkan ni mò ń béèrè. Mi ò lè kà á lọ mọ́, mo kàn fi ìka síbẹ̀. Aró ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi, ó ti tẹ̀ sójú ìwé náà báyìí, kò ní lè parẹ́ mọ́. Màá lọ kí i lọ́la. Owó mi ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ o, kẹ́nikẹ́ni má rò pé mo ti fi jì í.