Pàṣípààrọ̀ kọ́ ni EDI, àrokò ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dábàá pé kí a máa pe ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní EDI (Electronic Data Interchange) ní "pàṣípààrọ̀ dátà orí ayélujára". EDI yìí ni kí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan fi ìwé òwò ránṣẹ́ tààrà sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn, láìsí ẹni tí yóò jókòó tún un tẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n gidigidi, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹyọ kan tí mo lè fara mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ yìí.

Pàṣípààrọ̀ ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bá fi iṣu ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹja, iṣu ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pààrọ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a bá sì pààrọ̀, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fi ìwé ìbéèrè ọjà ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́. Ẹ lè sọ fún mi pé a ti ń sọ "pàṣípààrọ̀ èrò" tipẹ́, ṣùgbọ́n èdè ìwé ìròyìn nìyẹn. Àwọn tó tọ́ mi dàgbà a máa sọ pé àwọn fikùn lukùn ni, n kò sì gbọ́ lẹ́nu wọn rí pé ẹnì kan fi èrò rẹ̀ pààrọ̀ ti ẹlòmíràn.

Kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni mo ń ṣe. Àbúrò ìyá mi ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní páálí-páálí ní Ìdúmọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ tí ìyá yìí ti ń ra ọjà tó ń tà fẹ́ kí àwọn oníbàárà ńlá so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ ti ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ṣàlàyé sì sọ pé "pàṣípààrọ̀ dátà" ni. Ohun tí ìyá yìí bi í ni pé, "Ta ni ẹ fẹ́ kó orúkọ àwọn oníbàárà mi fún, kí ni ẹ ó sì gbà dípò rẹ̀?" Ọmọ tó ń bá a jókòó ti ìsọ̀ rò ní tirẹ̀ pé wọ́n fẹ́ máa fi dátà sórí fóònù àwọn ni, nítorí ní Èkó lónìí, dátà ni ohun tí a ń rà, tí í tán, tí a sì ń fi ta ara wa lọ́rẹ. Ìyá náà padà sídìí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. N kò sọ pé orúkọ nìkan ló ń dá àwọn oníṣòwò wa dúró. Iná tí kò dúró, owó gáàsì jẹnẹrétọ̀, àti iye tí ètò náà ń ná oníṣòwò kékeré tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ lóṣù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ló kọ́kọ́ dé etí rẹ̀.

Ní ti ayélujára, EDI ti wà kí ayélujára tó dé. Nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ àti èédú wọ Bàlíìnì ní 1948, Edward Guilbert, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣètò ìlànà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ka ẹrù, tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ lórí tẹ́lẹ́ksì, ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà, tàbí tẹlifóònù. Nítòsí wa, ní 1981 ni ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bẹ UNCTAD, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí òwò, lọ́wẹ̀, èyí tó bí ASYCUDA, ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ aṣọ́bodè, tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà lò kí wọ́n tó bọ́ sórí NICIS, ètò tiwọn, tí àwọn ará Kútọnu sì ń pè ní Sydonia. Arákùnrin tó kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù náà ṣì í mú nígbà tó ní ẹni tó ya fọ́tò ríṣíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti ń ṣe EDI. Ojú ènìyàn ni yóò ka fọ́tò yẹn, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì tún un tẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ń gbà wọlé.

Àrokò ẹ̀rọ ni mo dábàá, nítorí àrokò ni iṣẹ́ tí àwọn baba wa ń fi nǹkan rán síra wọn láìkọ̀wé. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni; bí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ìyapa ni. Mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Iye rẹ̀ àti bí a ṣe tò ó ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á sì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó gbéra. Ẹ wo EDIFACT, ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fún EDI, tó di òṣùwọ̀n àgbáyé tí a ń pè ní ISO 9735 ní 1988. Lẹ́tà mẹ́fà-mẹ́fà ni orúkọ iṣẹ́ tí a ń rán: ORDERS fún ìbéèrè ọjà, INVOIC fún ìwé owó. QTY dúró fún iye; bí a bá kọ QTY+21:48, páálí méjìdínláàádọ́ta ni mo béèrè. Bí 21 bá di 47, páálí méjìdínláàádọ́ta ni mo fẹ́ gbowó lé lórí. Bí kò bá ṣe àrokò nìyí, kí ni?

Ìyá wa láti Àjàṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ awo ni àrokò, pé ẹ̀rù yóò ba oníṣòwò. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ rántí òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì igi tàbí òkìtì iṣu ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ sóko. Iye òkúta ni iye owó, ẹni tó bá gbé ọjà yóò sì fi owó sílẹ̀. Ìwé owó láìsí òǹtajà níbẹ̀ ni àwọn baba wa ń kọ yẹn, kò sì sí awo kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ni pé kí a má ṣi àmì rẹ̀ fi. Ẹni méjì ti kọ "àròkọ ẹ̀rọ" nínú èsì wọn, èyí tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé ọmọ ilé-ìwé tí ẹ̀rọ bá a kọ. Ohùn àárín ló wà lórí *ro*, ìsàlẹ̀ sì ni *kò*, láìsí àmì lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti pàrokò, ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ tó gbà á ṣe? Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn yóò fẹ́ "túmọ̀", mo sì lòdì sí i, nítorí ìtumọ̀ ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé. "Tú àrokò" ni bàbá mi àgbà ń sọ. Kí ẹni tó bá ti gbọ́ òmíràn lẹ́nu àwọn àgbà ní Èkìtì tàbí ní Ìjẹ̀bú jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.