Wọ́n Mú Èèyàn Wa ní Houston: Ibo La Ti Ń Wá A?

Bàbá Alief

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ sórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo gan-an ni wọ́n ti mú un? Houston tí à ń pè yìí kò sí nínú káńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà) kan ṣoṣo. Harris ló gba apá tó pọ̀ jù, ó lé ní mílíọ̀nù 4.7 èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú ní Sugar Land, àhámọ́ káńtì Fort Bend ní ìlú Richmond ni ẹ ó ti bá a. Ti Conroe, Montgomery ni. Katy ló ń da èèyàn lórí rú jù, torí káńtì mẹ́ta ló pín in. Ojú títì tí wọ́n ti dá mọ́tò rẹ̀ dúró ni kí ẹ wádìí. Àdírẹ́sì ilé rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Bó bá jẹ́ Harris, ẹ má dààmú lórí irú aṣọ tí ọlọ́pàá wọ̀. Ọlọ́pàá ìlú ni o, ti Ṣẹ́rífù ni o, kọ́ńsítébù ni o, ilé kan náà ni wọ́n sábà máa ń kó èèyàn lọ: Joint Processing Center, 700 North San Jacinto, tí wọ́n ṣí ní 2019. Àwọn ìlú kéékèèké bíi Pasadena àti Baytown ní yàrá àhámọ́ tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ lè kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó gbé e wá sáàárín Houston.

Ìyá Ìbejì, Bissonnet

Ẹ ṣé é, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ti orúkọ sọ, torí ibẹ̀ ni tiwa ti máa ń dojú rú.

Ìkànnì Ṣẹ́rífù Harris ní ojú ewé tí wọ́n ti ń wá ẹni tó wà ní àhámọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Orúkọ tó wà lórí láísẹ́ǹsì tàbí páásípọ́ọ̀tù ló mọ̀. Ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Báyọ̀ lè jẹ́ Emmanuel Adebayo lórí ìwé. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àmì abẹ́ sí i. Bí orúkọ ìdílé bá jẹ́ méjì tí wọ́n fi dáàṣì so pọ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú dáàṣì, ẹ fi àlàfo sí i, kí ẹ sì tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra. Bí kò bá jáde síbẹ̀, ẹ yí i po: ẹ fi orúkọ àbísọ sí ààyè orúkọ ìdílé. Fún obìnrin tó ti lọ́kọ, ẹ wá orúkọ bàbá rẹ̀ náà, torí láísẹ́ǹsì lè ti yí padà kí páásípọ́ọ̀tù má tíì yí.

Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Oṣù ló ń ṣáájú ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹta oṣù keje, 07/03 ni.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní SPN sílẹ̀ kíákíá. Káńtì ló fún ẹni náà, kì í sì í yí padà. Bí wọ́n bá mú un lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òun náà ni wọn yóò tún lò. Nọ́mbà ẹjọ́ yàtọ̀ sí i: ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ní SPN lọ́wọ́ kò ní bá òṣìṣẹ́ jiyàn mọ́ lórí bí wọ́n ṣe kọ Oluwaseun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Katy

Ẹ̀yin àgbà, bí orúkọ bá pé, tí ọjọ́ ìbí pé, síbẹ̀ tí ìkànnì ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Bàbá Alief

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì gbà á wọlé tán, àbúrò. Wọ́n ní láti gba àmì ìka rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá káńtì mìíràn ń wá a. Gbogbo ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀. Bí kò bá hàn lálẹ́, ẹ tún un wò láàárọ̀. Òfin Texas ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ kékeré kó tó pé wákàtí 48, níbi tí wọn yóò ti ka ẹ̀sùn fún un, tí wọn yóò sì sọ iye béèlì.

Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn. Ọmọ tí kò tíì pé 17, àhámọ́ àwọn ọmọdé ló wà, wọn kì í gbé orúkọ rẹ̀ síta. Òbí ni kó pe ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi etí sí èyí: ọmọ ọdún 17 ti di àgbàlagbà lójú òfin ọ̀daràn Texas. Àhámọ́ àwọn àgbàlagbà ni wọn yóò mú un lọ, orúkọ rẹ̀ yóò sì hàn fún gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléèwé girama ló ṣì ń lọ.

Bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló mú un, kò ní sí lórí ìkànnì káńtì. Àwọn ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní BOP, ní ìkànnì ìwádìí tó gba gbogbo ẹni tó ti wọlé láti 1982. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tí wọ́n sì ti gbé lọ sí ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, ẹ wá a lórí ìkànnì TDCJ, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Texas. Ìgbà kan sì wà tí àyè kò tó, tí Harris kó lára àwọn tó wà ní àhámọ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, títí dé Louisiana. Ọwọ́ Harris ni ẹjọ́ wọn ṣì wà.

Ìyá Ìbejì, Bissonnet

Ti ìmígíréṣọ̀n náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ìkànnì ICE, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, dára jù tí ẹ bá ní A-number, nọ́mbà mẹ́sàn-án tó wà lórí káàdì tàbí ìwé ìmígíréṣọ̀n. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ lẹ rí, ẹ fi òdo ṣáájú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yan orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i pẹ̀lú, kì í ṣe ibi tó ti ń gbé. Bó bá jẹ́ orúkọ lẹ fẹ́ lò, lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀, kò ní jáde. Kò sì sí ẹni tí kò tíì pé 18 nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó san béèlì fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ béèrè bóyá ICE ti fi ìwé ìdádúró sílẹ̀ dè é. Bó bá wà níbẹ̀, owó béèlì lè jáde lápò yín kí ẹni náà má délé: àhámọ́ ICE ni yóò bọ́ sí. Lọ́yà ìmígíréṣọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin ní kí wọ́n fi tó kọ́ńsùlù wọn létí bí wọ́n bá mú ọmọ wọn, yálà ẹni náà fẹ́ tàbí kò fẹ́.

Akọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ti ìwé ẹjọ́ kún un, torí àwọn èèyàn máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ṣẹ́rífù, tí wọ́n á sì fi ìbínú padà sílé. Ọ̀dọ̀ Ṣẹ́rífù lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó wà ní àhámọ́. Ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ Harris County District Clerk, ìyẹn akọ̀wé kóòtù, ló wà: ẹ̀sùn, kóòtù tó wà, ọjọ́ tí wọn yóò tún pè é, iye béèlì, bóyá wọ́n ti san án, lọ́yà tó dúró fún un. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lè ṣí àwọn ìwé náà kà. Ẹ̀sùn tíkẹ́ẹ̀tì àti irú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ṣá o. Kóòtù kéékèèké ló ni ìyẹn.

Ẹ fara balẹ̀ ka ojú ewé náà. Ẹnì kan lè ní ẹ̀sùn mẹ́ta, kí béèlì wà fún méjì kí ìkẹta má ní. Ẹni tó bá san méjì náà tán, àhámọ́ ló ṣì wà.

Ní ti owó, ẹ lè san gbogbo béèlì fún káńtì, ẹ ó sì gbà á padà tí ẹjọ́ bá parí tí ẹni náà kò sá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ìwé kéékèèké. Oníbọ́ǹdì, ẹni tó ń dúró fún béèlì yín kí ẹ má bàa san gbogbo rẹ̀, sábà máa ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún: béèlì 10,000 dọ́là, 1,000 ni tirẹ̀, ìyẹn kò sì padà wá mọ́. Kí ẹ rí i pé ó ní ìwé àṣẹ Harris County Bail Bond Board. Ẹni tó bá pè yín tó ní ọ̀gá ọlọ́pàá lòun, pé kí ẹ fi káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà san béèlì, gbájú-ẹ̀ ni. Orúkọ tó wà ní gbangba náà ni òun pẹ̀lú kà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Katy

Ẹ ṣé gan-an. Bó bá jẹ́ ìwé ìgbà tí wọ́n mú un la nílò, fún lọ́yà tàbí ìmígíréṣọ̀n ńkọ́?

Akọ̀wé

Ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ Texas Public Information Act, orí 552 nínú òfin Government Code. Ọ́fíìsì tó mú un ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston ló mú un, Ṣẹ́rífù kò ní ní ìròyìn wọn. Ẹ fi orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti SPN sí i. Ẹ má kọ "gbogbo nǹkan tí ẹ ní lórí rẹ̀", torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó pẹ́, kí owó rẹ̀ sì wọ́n. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí Attorney General (agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Texas) pé àwọn fẹ́ pa á mọ́. Bí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ, wọ́n sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ìpìlẹ̀ nípa ẹni tí wọ́n mú kò ṣeé pa mọ́. Ẹ̀dà ìwé, sẹ́ńtì 10 lójú ewé kan. Bí kò bá ju ojú ewé 50 lọ, wọn kì í sábà gba owó òṣìṣẹ́ lé e.

Ìdílé tàbí lọ́yà ni kó kọ ọ́. Òfin náà gbà wọ́n láyè láti má dá ẹni tó wà ní àhámọ́ lóhùn.